Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ìyá tó bí ìyá mi ti wọ káà ilẹ̀ sùn. A sin ín sí Brewerville, lẹ́bàá Monrovia, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ sinmi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé irú ènìyàn wo ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí àwọn ipò tó dì mú ni wọ́n ń béèrè. Ìyẹn wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí obìnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Ìsẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Kru tó ń yan ẹja ní New Kru Town, ṣe di olórí àwọn amòfin tó ń rojọ́ fún ìjọba ní Monrovia lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ọkùnrin ni àwọn tó ti jókòó sórí àga náà ṣáájú rẹ̀, inú ìdílé ńlá mélòó kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti wá. N kò lè dáhùn ìbéèrè náà tán. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ èyí tí mo fojú rí, kí n sì sọ ẹnu ẹni tí mo ti gbọ́ èyí tí n kò rí.

Ènìyàn kúkúrú ni, tí kì í yára rìn, tí kì í sì í pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Bó bá bọ ènìyàn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ta ìka bí àṣà ìlú yìí, tirẹ̀ ni yóò dún jù. Èdè Yorùbá wà fún àwa ọmọ ilé. Kru wà fún ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ wà fún àwọn olóṣèlú tó bá wá kí i, kí wọ́n lè tètè máa lọ. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ol' Ma, bí ẹni ń sọ pé màmá àgbà. Ní ibi iṣẹ́, Kánsẹ́lọ̀ ni, èyí tí í ṣe oyè amòfin tó bá ti tó ẹni tí ń rojọ́ níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù.

Ó ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Níbikíbi tó bá ti darí ìpàdé, ìbáà jẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí nínú pálọ̀ wa, ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí ogun parí, ìdílé jókòó láti pinnu bóyá kí a tún ilé wa tó jó nítòsí ọjà Waterside kọ́, tàbí kí a kúkú kọ́ òmíràn sí Brewerville. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìsẹ́yìn, ó sì ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àfi bí Ìyá Àgbà ṣe kọjú sí àbúrò mi obìnrin, ọmọ tí kò tíì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ní kó wí tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà fi fìlà rẹ̀ gbá orúnkún. Ó béèrè bóyá ayé ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí à ń fọ̀ láṣọ á fi máa júwe ibi tí àgbà yóò kọ́lé sí. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, kò sì yí ohùn padà. Ọmọ náà ní Brewerville ni òun fẹ́, torí pé níbẹ̀ òun á lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé láìkọjá ibi tí òun ti rí òkú. Kò sí ẹni tó tún jiyàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọ bàtà láti jáde, Ìyá Àgbà sọ fún un pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, bí èmi àti ẹ̀yin bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí a bá wí ni ọmọ yẹn ì bá tún wí fún wa."

Kò ka ìjà kankan sí kékeré. Nígbà tó di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ amòfin ìjọba, ó bá àṣà kan níbẹ̀: bí ìpàdé àwọn amòfin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó bá wà láàárín wọn, bó ti wù kó kàwé tó, ni yóò dìde lọ po tíì fún àwọn ọkùnrin. Òun àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fanta nìkan ni obìnrin nígbà náà. Ìyá Àgbà kò fi òfin de tíì. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tó darí, òun fúnra rẹ̀ gbé kẹ́tùlù, ó bù fún gbogbo wọn, ó sì ro ṣúgà sí ti Kánsẹ́lọ̀ Benjamin. Ọkùnrin yìí ló tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ́jọ́ orí, ó sì dá a lójú pé òun ló yẹ kí wọ́n fún ní ipò náà. Nígbà tí Ìyá Àgbà jókòó, ó sọ fún Kánsẹ́lọ̀ Benjamin pé tíì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti di tirẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, wọ́n jókòó, kò sí tíì, Ìyá Àgbà kò sì ṣí ìpàdé. Wọ́n ń wo ara wọn. Níkẹyìn Kánsẹ́lọ̀ Benjamin dìde, ó ń kùn pé láti ìgbà tí ìyá òun ti bí òun, òun kò gbé kẹ́tùlù rí. Fanta ló ròyìn èyí fún wa, ó ní tíì náà korò bí ewúro, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mu ún tán, torí Ìyá Àgbà ti sọ pé: "Ọwọ́ tó lè gbé fáìlì, kò sí ohun tó ní kó má lè gbé kẹ́tùlù."

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Fanta jẹ́. Ọmọ Mandingo ni, Mùsùlùmí, ìborùn kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mandingo ìlú yìí tilẹ̀ mọ ibojì bàbá bàbá wọn lórí ilẹ̀ yìí, àwọn kan ṣì ń pè wọ́n ní àlejò, ogun sì ti bu epo sí iná náà. Fanta gboyè amòfin, ó sì wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ìyá Àgbà. Ẹjọ́ tó bá le jù ni Ìyá Àgbà ń fún un. Kò yìn ín rí. Bó bá kọ ìwé wá, á dá a padà, á ní kó tún un kọ. Fanta rò fún ìgbà pípẹ́ pé obìnrin náà kórìíra òun, ó sì sọ ọ́ fún mi lẹ́nu géètì wa lọ́jọ́ kan, tí omi wà lójú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ìyá Àgbà. Kò gbójú sókè kúrò nínú ìwé tó ń kà. Ó ní: "Wọ́n á wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀ ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ́kọ́ wá a."

Kì í kánjú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú. Ogun ti dá ẹ̀kọ́ mi dúró láàárín ọ̀nà, ìgbà tí mo ti di ìyá ọmọ ni mo tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà. Ojú ń tì mí láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tí mo lè bí. Mo sọ fún un pé n ó fo ọdún kan, kí n lè tètè parí. Ó ní kí n gbé ìwé ìṣirò mi wá, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun bí ẹni pé òun kò lọ sílé ìwé rí. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó pe orúkọ mi, ó ní: "Dúpẹ́, ẹ̀kọ́ tí o sáré kọjá, iwájú ló ti ń dúró dè ọ́."

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí kò yé mi nígbà tí mo kéré. Nínú ilé, Morẹ́nikẹ́ ni, ọmọ Àjàdí tó ń ta aṣọ ní Waterside. Ní ọ́fíìsì, Kánsẹ́lọ̀ Martha Hilman ni. Bàbá rẹ̀ lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé, ó sì kú síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò rí owó ilé ìwé. Ó wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe ní ìlú yìí láyé ọjọ́un: ó fa ọmọ lé ìdílé ńlá kan lọ́wọ́, kó máa fọ abọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa rán an níwèé. Ọmọ tó bá lọ báyìí a máa gba orúkọ ilé tó tọ́ ọ. Orúkọ Hilman ló wọ inú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, òun náà ló sì bá a wọ ilé ẹjọ́. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rò pé ọmọ bíbí ìdílé náà ni, kò sì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá inú ń bí i sí àwọn Hilman. Ó ní: "Orúkọ wọn bọ́ mi yó, n kò lè bú u, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí mi."

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ogun ṣì ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ọ́fíìsì gbé èmi àti rẹ̀ kọjá ibùdó àyẹ̀wò kan, Kánsẹ́lọ̀ Benjamin sì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa. Sójà tó wá sí ojú fèrèsé gbọ́ tí mo pè é ní Ìyá Àgbà. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó rí ará ilé, ó sì tẹríba pẹ̀lú ìbọn léjìká, ó ní ẹ kú ìrìn o, Màmá, ṣé dáadáa ni ẹ jí. Ìyá Àgbà fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ sójà, ó sì ní kí awakọ̀ máa lọ. Mo rí ojú ọmọkùnrin náà bó ṣe rẹ̀wẹ̀sì. A délé. Níbẹ̀ ló ti bọ́ bàtà, tó jókòó sórí ibùsùn, tó sì sọ pé: "Ọmọ yẹn kí mi bí ìyá rẹ̀, mo sì dá a lóhùn bí àlejò, ẹ̀rù ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀."

Mo sọ èyí kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba òun náà, àti ohun tí ẹ̀rù náà dá lé. Kò sí òfin tó ní kí ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Kru má ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹnu ènìyàn ni. Ó ti ń lépa àga adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ Nàìjíríà, àga náà yóò jìnnà sí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, àyè ṣí sílẹ̀ fún olórí amòfin ìjọba ní káńtì kan, bí ẹni ń sọ pé ìpínlẹ̀ kan, lókè àríwá, níbi tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn Mandingo ti bá ara wọn jà kíkan nígbà ogun. Fanta ló mọ iṣẹ́ náà jù. Ìyá Àgbà ni alága ìgbìmọ̀ tí yóò yan ènìyàn. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ránṣẹ́ pè é wá sí Brewerville. Mo bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì jókòó tì wọ́n. Ìyá Àgbà bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa ka orúkọ kí wọ́n tó ka iṣẹ́. Ó ní kó jẹ́ kí wọ́n pè é ní Frances níwájú ìgbìmọ̀, kó sì fi ìborùn sílé ní ọjọ́ kan péré. Bó bá ti dé ipò náà tán, kó borí bó ṣe wù ú. Ó ní ìmọ̀ràn tí wọ́n fún òun náà nígbà èwe nìyẹn, ìyẹn ló sì gbé òun dé ibi tí òun dé.

Fanta gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní: "Ol' Ma, bí Frances bá wọlé, Frances ni wọ́n máa fún níṣẹ́. Fanta á ṣì wà níta. Àwọn ìyá tó ń jẹ́ irú orúkọ mi ní káńtì yẹn, ta ni wọ́n máa wá bá?"

Ìyá Àgbà béèrè ẹni tó kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kò sí ẹni tó kọ́ mi, Ma. Ẹ̀yin lẹ kàn máa ń ní kí ọmọdé sọ tẹnu rẹ̀."

Oúnjẹ náà tutù síwájú Ìyá Àgbà. Nígbà tí Fanta lọ tán, ó fi ọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí, kì í ṣe fún mi gan-an: "Mo gbé àjàgà ọrùn mi fún ọmọ ọlọ́mọ, mo pè é ní ìmọ̀ràn."

N kò sí níbi ìpàdé ìgbìmọ̀. Ẹnu Kánsẹ́lọ̀ Benjamin, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tó wá bá wa kẹ́dùn. Ó ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó jókòó láàárín wa, ó kọ omi, ó ní àwọn tó bá obìnrin náà jà ló mọ agbára rẹ̀. Ó sọ pé kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, àwọn ènìyàn ńlá kan rán òun sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò gùn: kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ Mandingo yẹn kú sílẹ̀, kí àga adájọ́ lè jẹ́ tirẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó sì dúpẹ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀, ọmọkùnrin tó kéré jù nínú ìgbìmọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn kan ti lọ halẹ̀ mọ́ ọn nílé. Ó la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ń wo orí tábìlì. Kánsẹ́lọ̀ Benjamin ní inú òun dùn, torí òun mọ̀ pé bí ọmọ yẹn bá ti ṣubú, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni Ìyá Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì sọ pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Lónìí, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

"Orúkọ mi ni Morẹ́nikẹ́," ó ní. "Àjàdí tó ń ta aṣọ ní Waterside ló bí mi. Yorùbá ni. Kru tó ń yan ẹja ni ìyá mi. Ilé tí mo ti fọ abọ́ ni mo ti rí Hilman. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Kánsẹ́lọ̀, ẹni tí ẹ ń pè ní àlejò ló ń darí yín. Bó bá jẹ́ pé torí àlejò ni ẹ fi fẹ́ kọ Fanta, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde."

Kánsẹ́lọ̀ Benjamin ní ọmọkùnrin tó kéré jù gbé orí sókè, ó sì ní Fanta ni òun yàn. Àwọn tó pọ̀ jù tẹ̀ lé e. Mo bi arúgbó náà bóyá òun náà tẹ̀ lé e. Ó mi orí. Ó ní kí a má jẹ́ kí òun purọ́ nínú ilé ọ̀fọ̀; òun kò yan Fanta. Ṣùgbọ́n òun bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, òun sì bi í bóyá ó mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jù nù. Ìdáhùn rẹ̀ kò kúrò létí òun láti ọjọ́ náà: "Mo mọ̀ ọ́n, Benjamin. Mo ti ń fẹ́ ẹ kí o tó mọ̀ pé ó wà."

A gbọ́ orúkọ àwọn adájọ́ tuntun lórí rédíò, gbogbo ìdílé jókòó yí i ká ní pálọ̀. Wọ́n ka orúkọ náà tán, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Mo rántí pé ṣáájú ìgbà náà, èmi àti rẹ̀ jọ lọ sí Waterside, ó dúró níwájú aṣọ dúdú kan tó tẹ́jú, irú èyí tí àwọn adájọ́ fi ń rán ẹ̀wù, ó fi àtàńpàkò àti ìka wò ó, ó béèrè bóyá àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, ó sì fi í sílẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Àgbà pa rédíò, ó ní kí a bu oúnjẹ. Nígbà tí ẹkún náà kò dá, ó fi ọwọ́ kan èjìká ìyá mi, ó ní: "Ohun tí wọ́n bá jí ni à ń sunkún sí. Èyí tí mo fi sílẹ̀, mo fi sílẹ̀ ni."

Fanta gba iṣẹ́ náà, ó sì lọ. Nígbà tí Ìyá Àgbà fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ lọ wo ilé ẹjọ́ ibẹ̀, mo sì bá a lọ. Ọ̀nà náà burú, orúnkún ń dùn ún, takisí wa rì sínú ẹrẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a ti wọlé, akọ̀wé ilé ẹjọ́ dá a mọ̀, ó sì fẹ́ mú un lọ jókòó níwájú láàárín àwọn amòfin. Ó kọ̀. Ó ní ìran ni òun wá wò. A jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ìyá tó wá láti abúlé. Nígbà tó ṣe, Fanta wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù amòfin, ìborùn funfun lórí rẹ̀. Ó dìde níwájú adájọ́, ó pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ketekete, ó ní òun ló dúró fún ìjọba. Mo wo Ìyá Àgbà. Ó di etí ìró rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Ìyá arúgbó kan jókòó tì wá, ó di ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, ọmọdébìnrin tí kò gbójú sókè. Ọmọ ìbílẹ̀ káńtì náà ni. Ìyá Àgbà kí i, ó sì béèrè ohun tó gbé e wá. Arúgbó náà ní ẹnì kan ló ba ayé ọmọ náà jẹ́, ó ti pẹ́. Òun kò rí bí òun ṣe lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá síwájú ọkùnrin tó wà ní ipò amòfin yẹn tẹ́lẹ̀. Ó fi ẹnu júwe Fanta. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Ọmọ àwọn tó bá wa jagun ni. Àmọ́ obìnrin ni, wọ́n sì ní kì í ta ẹjọ́."

Nígbà tí ilé ẹjọ́ sinmi, arúgbó náà dìde. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó tún rìn. Fanta rí wọn, ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lóṣòó síwájú ọmọdébìnrin náà títí ojú wọn fi ṣe déédéé. N kò gbọ́ ohun tó wí. Mo rí i tí ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá kékeré kan, tí ilẹ̀kùn sì tì. Kò pẹ́ tí obìnrin mìíràn fi lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, òmíràn sì tẹ̀ lé e.

Mo dìde kí n lọ sọ fún Fanta pé ta ló wá. Ìyá Àgbà fà mí láṣọ.

"Má kan ilẹ̀kùn yẹn, Dúpẹ́," ó ní. "Ó ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ ká máa lọ sílé."